Ẹjọ́ Níwájú Àdúgbò: Ohun tí Ìwé, Tẹlifíṣọ̀n àti Fíìmù Ìsàlẹ̀ Èkó Jọ Ní

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, ilé iṣẹ́ Balboa láti ìlú Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì gbé ẹ̀rọ sinimá wá sí Èkó, wọ́n sì fi àwòrán tó ń rìn han àwọn ará ìlú nínú gbọ̀ngàn Glover. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a ní àkọsílẹ̀ pé wọ́n fi sinimá hàn ní ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà. Ọgọ́fà ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 2023, Gangs of Lagos tí Jade Osiberu darí jáde lórí Prime Video ti Amazon, ẹni tó wà ní Tókyò àti ẹni tó wà ní Toronto sì lè jókòó sí yàrá wọn kí wọ́n máa wo Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa fíìmù, tẹlifíṣọ̀n àti ìwé ìtàn elédè Sípéènì ti pẹ́ lẹ́nu iyàn bóyá ọnà kan náà ló so wọ́n pọ̀, láti orí Gabriel García Márquez dé orí Pedro Almodóvar títí kan La casa de papel. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tọ́ sí àwa náà. Ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí Erékùṣù Èkó, níbi tí Ìsàlẹ̀ Èkó wà, ti ń bí ìtàn, nínú ìwé ìròyìn, nínú ìwé ìtàn àròsọ, lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, nínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, àti nísinsìnyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé nǹkan kan wà tí gbogbo wọn jọ ní, àbí orúkọ ìlú nìkan ló pa wọ́n pọ̀?

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu àwọn alárìíwísí ni àwòrán: afárá Third Mainland láàárọ̀ kùtùkùtù, dáńfó aláwọ̀ yẹ́lò, òde àríyá tí wọ́n ti ń náwó fún olórin, àwọn ọmọ ìta tó ń lé ara wọn láàárín ọ̀nà tóóró, Ẹ̀yọ̀ nínú aṣọ funfun. Wọ́n á ní ọnà Èkó nìyẹn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀ṣọ́ ni nǹkan wọ̀nyí, ọ̀ṣọ́ a sì máa bá ìgbà lọ. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí afárá Third Mainland, síbẹ̀ ẹni tó bá ka People of the City tí Cyprian Ekwensi kọ ní 1954 mọ̀ pé Èkó ni òun wà, bẹ́ẹ̀ òǹkọ̀wé náà kò tilẹ̀ dárúkọ ìlú. Ohun tí mo rí tí kò yí padà ni ibi tí ẹni tó ń sọ ìtàn dúró sí. Nínú àwọn iṣẹ́ tó lágbára jù lọ tó ti Erékùṣù wá, ẹni tó ń sọ ìtàn ń rojọ́ ni. Iwájú àwọn aládùúgbò tó ti gbọ́ fìrífìrí ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ló dúró sí. Ó mọ̀ pé wọ́n ti ń dájọ́ nínú ikùn wọn, ó wá ń pe òpópónà, ilé àti ọjà ní ẹlẹ́rìí. Àwa tó ń kà á tàbí tó ń wò ó, wọn kò fi wá ṣe àlejò. Adájọ́ ni wọ́n fi wá ṣe. Èyí ni mo fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀. Mo sì tún rò pé òun ló fà á tí ìlú fi máa ń fèsì padà, nígbà mìíràn tìbínú-tìbínú.

Ẹ̀rí tó wúwo jù ló ṣáájú. Ní 1928 ni Isaac Babalọlá Thomas dá Akéde Èkó sílẹ̀, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó ń jáde ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Láti oṣù keje 1929 títí di oṣù kẹta 1930, lẹ́tà obìnrin kan ń jáde nínú rẹ̀, ọgbọ̀n lẹ́tà lápapọ̀. Obìnrin náà pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ti dàgbà, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó sì fẹ́ kí ayé gbọ́ bí òun ṣe fi ẹwà òun ṣòfò lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, ó kàn fara pamọ́ sẹ́yìn obìnrin náà ni. Nígbà tí ìtàn parí, ó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1930. Karin Barber, tó ṣe ẹ̀dà tuntun rẹ̀ jáde ní 2012, kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà.

Ẹ wo bí Sẹ̀gilọlá ṣe ń sọ̀rọ̀. Olóòtú ló kọ lẹ́tà sí, ṣùgbọ́n gbogbo Èkó ló ń bá wí. Ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sunkún, ó tún ń fọ́nnu. Ó máa ní òun ti ronú pìwà dà. Kò ní pẹ́ tí yóò tún máa fi ìdùnnú rántí bí òun ṣe ń tan àwọn ọkùnrin jẹ nígbà tí ojú òun ṣì ń dán. Ó ń dárúkọ òpópónà, ó ń rántí orin tó gbòde nígbà èwe rẹ̀, ó sì ń bo orúkọ àwọn ọkùnrin náà kí ó má bàa dá ilé onílé rú. Orúkọ tó ń bò yìí gan-an ló jẹ́ kí àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́: kí ni ẹni tó ń parọ́ fẹ́ fi bíbo orúkọ ṣe? Lẹ́tà wọn ń wọlé sí ọ́fíìsì Akéde Èkó. Wọ́n ń bá a kẹ́dùn, wọ́n ń bá a wí, ẹnì kan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n fi ràn án lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kí Thomas ti kọ díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, nítorí oníwèé ìròyìn ni, ó sì mọ bí a ti ń polówó ọjà. Ìyẹn kò ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́ rárá. Bó bá jẹ́ òun ló kọ wọ́n, a jẹ́ pé ó mọ̀ pé ìtàn náà kò pé bí àdúgbò kò bá dáhùn. Àwọn oníwèé ìròyìn yòókù kò sì jókòó lásán, E. A. Akíntàn ti Elétí-Ọfẹ náà bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọmọ òrukàn tirẹ̀, òun náà sì ń gbé e síta ní ìpín-ìpín.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú Ekwensi tẹ̀lé Thomas, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ni mo ń sọ. Ìgbò ni Ekwensi, Minna ni wọ́n sì ti bí i. Ìlú ló kọ́ ọ. Amusa Sango, ẹni tí People of the City dá lé lórí, ń kọ ìròyìn ọ̀ràn fún ìwé ìròyìn ní ọ̀sán, ó sì ń darí ẹgbẹ́ olórin lálẹ́. Iṣẹ́ méjèèjì náà, iṣẹ́ ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ síta ni. Ìwé náà fi yé wa pé ẹni tó ń kọ nípa ọ̀ràn ọmọnìkejì, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé nínú ilé náà ń ṣọ́ ẹni tó ń wọlé tọ̀ ọ́. Nígbà tí ìwé Ekwensi mìíràn, Jagua Nana, wá jáde ní 1961, ilé iṣẹ́ kan láti Ítálì fẹ́ fi ṣe sinimá. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n fà á títí, ìjọba sì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ pé kò ní ṣẹlẹ̀. Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà. Wọn kò fẹ́ kí ilẹ̀ òkèèrè fi obìnrin tó ń fi ara rẹ̀ jẹun ní Èkó mọ̀ wá. Àwọn kan ń ka ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sí ọ̀ràn òṣèlú lásán, pé kò kan ọnà ìwé náà. Lójú tèmi, ó kàn án gidigidi. Bí Ekwensi bá ti kọ Jagua bí ẹni tó wà ní ìlú àlá, kò sẹ́ni tí ì bá gbé e lọ sí ilé aṣòfin.

Ìbéèrè tó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀ ni bí ibùdó ṣe ń ṣiṣẹ́ ẹlẹ́rìí nínú àwọn ìtàn wọ̀nyí. Erékùṣù kò tóbi. Láti Ìga Ìdúngànràn dé Ìdúmọ̀tà, láti Ìdúmọ̀tà dé Tinúbú, ẹsẹ̀ ni ènìyàn lè fi rìn ín, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ti wà lójú kan náà láti ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tó bá dárúkọ òpópónà kan ti dárúkọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ nìyẹn, bó fẹ́ bó kọ̀. Nítorí náà ni orúkọ ibùdó nínú ìtàn Erékùṣù fi ń ṣe ju kí ó sọ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lọ. Ó ń sọ ẹni tó yẹ kí ó ti rí i. Wọlé Ṣóyínká mọ èyí dáadáa nígbà tó kọ The Beatification of Area Boy ní 1995. Iwájú ilé ìtajà ńlá kan ní Broad Street ni gbogbo eré náà ti wáyé. Sanda tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni ọ̀gá àwọn ọmọ àdúgbò. Olóúnjẹ, onígbàjámọ̀ àti oníṣòwò kéékèèké jókòó yí i ká, wọ́n ń wo olówó àti sójà bí wọ́n ṣe ń kọjá, wọ́n sì ń dá wọn lẹ́jọ́. Ọ̀kan nínú àwọn alárìnkiri ibẹ̀ tilẹ̀ ń jẹ́ Judge. Ṣóyínká kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré. Bí a bá yọ àwọn tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà yẹn kúrò, kò ní sí eré mọ́, nítorí ohun tí àwọn alágbára ń ṣe kò ní ìtumọ̀ kankan títí àwọn yẹn yóò fi dá sí i.

Rédíò àti fídíò kò ṣe ju pé wọ́n fi ohùn àti ojú kún ohun tí ìwé ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́lá Ọláwuyì, tó kú ní 2007, sọ ètò rédíò Nǹkan Ń Bẹ di ohun tí gbogbo ilé ń dúró dè, níbi tí ènìyàn ti ń jẹ́wọ́ ohun tí ojú wọn rí àti ohun tí ọwọ́ wọn ṣe. Ní Ìdúmọ̀tà ni àwọn oníṣòwò kásẹ́ẹ̀tì ti sọ fíìmù di ọjà ojúmọmọ. Ibẹ̀ ni Kenneth Nnebue ti ń náwó lé fídíò Yorùbá kí ó tó gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò ní 1992. Àwọn alárìíwísí máa ń fi Ìdúmọ̀tà ṣe ẹlẹ́yà nítorí pé ó ń gé ìtàn kan sí apá kìíní àti apá kejì kí owó lè pọ̀. Owó ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí Thomas fi gé Sẹ̀gilọlá sí ọgbọ̀n lẹ́tà kò yàtọ̀ sí i: àárín apá kan sí èkejì ni àdúgbò ti ń ráyè jiyàn lórí ẹni tó jẹ̀bi. Ìdílé tó wo apá kìíní lálẹ́ Sátidé ti dá ẹjọ́ rẹ̀ kí apá kejì tó dé orí àtẹ. Nígbà tí Fúnkẹ́ Akíndélé sì sọ fíìmù rẹ̀, Jenifa, di eré orí tẹlifíṣọ̀n ní 2014, Jenifa's Diary ló pè é. Obìnrin tó wá láti oko tó ń ro ìṣòro Èkó fún ìwé àkọsílẹ̀ ara rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Sẹ̀gilọlá, bí òun kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ní ti iṣẹ́ òde òní, ọ̀rọ̀ pọ̀, mo fẹ́ mú mẹ́rin péré. King of Boys tí Kẹ́mi Adétiba ṣe ní 2018, tó sì tẹ̀ síwájú lórí Netflix ní 2021 ní apá méje, fi òde àríyá Eniola Salami bẹ̀rẹ̀. Ìyìn ń lọ níwájú, ìyà ń jẹ ẹnì kan lẹ́yìn ilé, aṣèwádìí kan sì wà tó ń kó ẹ̀rí jọ lé obìnrin náà lórí. Adétiba fi wá sáàárín àwọn méjèèjì, a ń fẹ́ kí wọ́n mú Eniola, a sì ń fẹ́ kí ó bọ́. My Sister, the Serial Killer tí Oyinkan Braithwaite kọ ní 2018 wá ṣe ohun tó jọ mí lójú jù nínú gbogbo wọn. Korede, nọ́ọ̀sì tí àbúrò rẹ̀ ń pa àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ, kò rí ẹni tí yóò bá sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó wá ń sọ ọ́ fún aláìsàn kan tó ti dákú lọ bí òkú ní ilé ìwòsàn, nítorí ó rò pé onítọ̀hún kò gbọ́. Aláìsàn náà sì jí. Ní Èkó, kódà ẹni tó dákú lè di ẹlẹ́rìí. Vagabonds! tí Eloghosa Osunde gbé jáde ní 2022 tilẹ̀ fi ẹ̀mí kan tó ń jẹ́ Tatafo ṣe ẹni tó ń sọ ìtàn, ìránṣẹ́ ìlú Èkó fúnra rẹ̀, olófòófó tó ń rí inú yàrá gbogbo ènìyàn. Èyí kẹrin ni Gangs of Lagos, níbi tí Obalọlá, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ti ń fi ohùn ara rẹ̀ ro bí àdúgbò ṣe tọ́ òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun dàgbà, bí àwọn olóṣèlú ṣe ń lò wọ́n, àti bí ikú ṣe ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé méjì, fíìmù kan, èkejì tó di eré orí tẹlifíṣọ̀n: obìnrin ló ṣe mẹ́ta nínú wọn tààrà, Osunde náà sì ń kọ nípa àwọn tí ìlú kò fẹ́ rí. Gbogbo wọn ń gba ẹjọ́ ẹni tí àdúgbò ti dá lẹ́bi rò.

Ẹni tó bá mọ tẹlifíṣọ̀n ìgbà ológun yóò ní mo ti fo nǹkan kan. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni àwọn ará Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo eré Mẹ́síkò, The Rich Also Cry ṣáájú, èyí tí Televisa ṣe ní 1979 pẹ̀lú Verónica Castro, lẹ́yìn náà La usurpadora àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Ẹkún gígùn, àṣírí ọmọ tó sọnù, ìdádúró ní ibi tó dùn jù: ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ni a ti kọ́ ọ? Ohùn Obalọlá tó ń sọ̀rọ̀ lórí àwòrán ńkọ́, ṣé kò jọ ohùn Tokio nínú La casa de papel tí gbogbo ọ̀dọ́ Èkó wò lórí Netflix? Mo gbà pé àwọn òṣèré wa kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ wọn, pàápàá bí kámẹ́rà ṣe ń sún mọ́ ojú ẹni tó ń sunkún. Ṣùgbọ́n Sẹ̀gilọlá ti ń sunkún ní ìpín-ìpín ní àádọ́ta ọdún kí Verónica Castro tó bẹ̀rẹ̀. Àlejò tó bá ènìyàn nídìí iṣẹ́ rẹ̀ lè fi kún un, kò lè ní òun ló kọ́ ọ. Lójú mi, ìdí tí eré Mẹ́síkò fi wọ Èkó lára kíákíá ni pé àwọn obìnrin ọjà tó ń wò ó ti mọ ìlànà rẹ̀ kí ó tó dé. Wọ́n ń bá Mariana inú The Rich Also Cry wí bí ẹni pé ní Òkè Pópó ló ń gbé.

Àtakò kejì lágbára ju ìyẹn lọ. Ẹnì kan lè sọ pé kò sí ìlú tí kì í rojọ́. Crónica de una muerte anunciada tí García Márquez gbé jáde ní 1981 kò ju ẹ̀rí aládùúgbò lọ: gbogbo ìlú mọ̀ pé wọ́n fẹ́ pa Santiago Nasar, ìkìlọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lásìkò, ẹni tó ń sọ ìtàn wá ń lọ láti ilé dé ilé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún láti bi wọ́n léèrè. Ìṣẹ̀lẹ̀ òótọ́ ti 1951 ní Kòlóńbíà ni ó gbé e lé. Ọkùnrin kan tó ní ìgbésí ayé òun ni wọ́n lò nínú rẹ̀ tilẹ̀ pe òǹkọ̀wé náà lẹ́jọ́, kò sì jàre. Nítorí náà mi ò lè ní Èkó nìkan ló ni ọnà yìí. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé nínú ìwé García Márquez, ìlú ni ẹlẹ́bi. Ó dákẹ́ nígbà tó yẹ kí ó sọ̀rọ̀, ìtàn náà sì jẹ́ ìtìjú rẹ̀. Nínú ìtàn Erékùṣù, ìlú kì í dákẹ́. Ó ti sọ̀rọ̀ jù ṣáájú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, ìṣòro ẹni tó ń rojọ́ sì ni bí yóò ṣe gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìtàn wa máa pariwo. Ohun tí àwọn alárìíwísí òkèèrè ń pè ní àṣejù nínú eré wa, igbe, ìbúra, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tún sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìwà ẹni tó ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ọ̀dọ̀ ìjọ Kristi ni ìjẹ́wọ́ ti wá, pé Sẹ̀gilọlá kàn ń jẹ́rìí bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀; Thomas fi ẹsẹ̀ Bíbélì àti ìwàásù kún lẹ́tà obìnrin náà. Àmọ́ ẹni tó ń jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run kì í bo orúkọ ọkùnrin fún un. Àwọn ará Èkó ni Sẹ̀gilọlá ń bá jẹ́wọ́, ìdáríjì wọn ló ń wá, mọ̀lẹ́bí ẹni tó ṣe é níbi ló sì ń bẹ̀rù. Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ìyẹn.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bi ọ̀rọ̀ mi wó ni Eyimofe tí àwọn ìbejì Arie àti Chuko Esiri ṣe, tó kọ́kọ́ hàn ní Berlin ní 2020. Fíìmù jẹ́jẹ́ ni. Apá méjì ló ní, wọ́n pe ọ̀kan ní Spain, wọ́n pe èkejì ní Italy, nítorí ibi tí Mofe àti Rosa fẹ́ sá lọ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í rojọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí èéfín jẹnẹrétọ̀ pa arábìnrin Mofe àti àwọn ọmọ rẹ̀, kò ké. Ó ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, ó ń san owó, ó ń gba ìwé. Mo ti ronú lórí rẹ̀ bóyá kí n sọ pé ìwé àti òǹtẹ̀ wọ̀nyẹn náà jẹ́ ẹ̀rí nínú ẹjọ́ kan, ṣùgbọ́n ìyẹn yóò jẹ́ fífi ipá mú nǹkan wọ inú àpò tí kò gbà á. Òtítọ́ ni pé Eyimofe jáde kúrò nínú ìlànà yìí. Àwọn tó ń wò ó ní òkèèrè fẹ́ràn rẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀. Èmi náà mọyì rẹ̀, ó sì ṣe mí ní àǹfààní kan: ó fi hàn mí ohun tí ìyókù ní. Mofe kò ní àdúgbò tó lè rojọ́ fún, ìdí nìyẹn tó fi ń wá Sípéènì. Níbi tí kò bá sí ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́, kámẹ́rà náà a dákẹ́.

Ìyẹn ló gbé wa padà sí Ìsàlẹ̀ Èkó àti ìjà tó tẹ̀lé Gangs of Lagos. Kò pẹ́ tí fíìmù náà jáde tí ẹgbẹ́ Isale Eko Descendants' Union fi ké síta pé ó fi àṣà wọn ṣe ìwà ọ̀daràn. Iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó àṣà náà bá a wí. Ohun tó dùn wọ́n jù ni Ẹ̀yọ̀: aṣọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń pànìyàn. A ní láti mọ ohun tí aṣọ yẹn jẹ́ kí a tó lè wọn ìbínú náà. Àdàmú Òrìṣà, orúkọ mìíràn tí a ń pe Ẹ̀yọ̀, kọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ ogún oṣù kejì 1854, fún ìrántí Ọba Akítóyè tó wàjà ní ọdún tó ṣáájú. Ẹ̀yọ̀ pín sí Adímú, Lábà, Oníkò, Ológẹ̀dẹ̀ àti Àgẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù ní àkẹtẹ̀ tirẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀lé ara wọn jáde ní ìlànà. Ẹni tó bá fẹ́ wò wọ́n kò gbọdọ̀ wọ bàtà, kò gbọdọ̀ di ṣùkú, kò gbọdọ̀ mu sìgá, kò sì gbọdọ̀ gun alùpùpù. Òkú ńlá ni wọ́n fi ń sin, kì í ṣe eré ìdárayá. Fún ẹni tí bàbá rẹ̀ ti gbé ọ̀pámbàtà rí, rírí aṣọ yẹn lára apànìyàn kì í ṣe àròsọ lásán. Ẹ̀rí èké ni wọ́n jẹ́ sí orúkọ ìdílé rẹ̀.

Àwọn tó gbèjà Osiberu ní ìtàn àròsọ ni, pé ẹni tí kò bá fẹ́ràn rẹ̀ kí ó pa tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Èsì yìí kò tó. Fíìmù kò lè fi ẹnu kan gba iyì lára orúkọ Ìsàlẹ̀ Èkó, kí ó fi òmíràn ní àròsọ lòun nígbà tí ìlú bá dáhùn. Ṣùgbọ́n mi ò sí lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e náà, nítorí ohun tí ó sọ nípa àwọn olóṣèlú tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ jagun ìdìbò, ẹ̀dùn ọkàn Erékùṣù ni, àwọn ìyá tó ti sin ọmọ wọn nítorí rẹ̀ kò sì kéré. Àléébù fíìmù náà lójú mi, àléébù ọnà ni. Ó rojọ́ Obalọlá dáadáa, ó fún ọmọ náà ní ohùn, ọ̀rẹ́ àti ọgbẹ́. Ẹ̀yọ̀ kò fún ní nǹkankan bí kò ṣe aṣọ. Kò sí ẹni kan láti inú àwọn ìdílé tó ni eégún náà tí fíìmù jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀. Thomas kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí Sẹ̀gilọlá bá kàn lè kọ lẹ́tà, lẹ́tà rẹ̀ á sì jáde nínú Akéde Èkó kan náà, kí òǹkàwé ka ìhà méjèèjì fún owó kan. Prime Video kò ní irú ojú ewé bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló sọ ìjà kan tó yẹ kí ó jẹ́ apá kejì ìtàn di ọ̀rọ̀ ìjọba àti agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í ṣe ti Amazon nìkan. Àwọn fíìmù Yorùbá tó ń jáde lórí YouTube lóṣooṣù kì í náwó tó ìdá kékeré nínú ti Osiberu, àwọn ìdílé tó ni Lábà àti Oníkò sì ní ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀: àwọn àgbà tó mọ ìdí tí Adímú fi ń jáde kẹ́yìn tàbí ṣáájú, ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá ba aṣọ náà jẹ́, àti bí ìgbà kan ṣe rí tí ọmọ ìta kan náà tó ń jà lọ́sàn-án máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ lálẹ́ kí ó tó kọjá Ẹnu Ọwá.